Ọgbà Tábà Ìyá Àgbà ní Mabera

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju dúrọ́ọ̀mù omi màmá mi lọ, mo rò pé Sókótó ni gbogbo ayé pin sí. Ní Mabera là ń gbé, nínú ilé alámọ̀ kan tó ní àgbàlá gbọọrọ lẹ́yìn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń jó irin, màmá mi sì ń ránṣọ lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé. Tí a bá lọ sílé nígbà Kérésìmesì, àwọn ẹbí á máa fi òwe dá wa lápara pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á sì tún kó wa padà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ ní Òkè Ọya, ẹ ó rántí àárọ̀ ìgbà yẹn: èéfín igi ìdáná, ohùn olómi tó ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀ lójú pópó, àti òórùn kósè, àkàrà àwọn Hausa, tí epo rẹ̀ ń rin ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra kósè, ọ̀kan nínú rẹ̀ kì í bá mi délé.

Ọdún tí bàbá àgbà kú ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, dé sọ́dọ̀ wa. Oko ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ní òun kò lè fi ìyá òun nìkan sílẹ̀ sínú ilé òfìfo, ló bá lọ mú un wá. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tòun ti àpótí onígi kan àti ẹní kan, eruku ọ̀nà sì bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Mo rò pé yóò gbé mi jó. Kò gbé mi jó. Ó pè mí ní Àṣàkẹ́, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó wọ yàrá tí a pèsè fún un, ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì dojú kọ ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà fún ìgbà pípẹ́. Màmá mi á ro ọkà, á se ọbẹ̀ ilá sí i. Òkèlè díẹ̀ ni ìyá àgbà á fi kan ẹnu, á ní ó ti tó. Wọ́n ra fúrà fún un, èyí tí wọ́n fi wàrà pò, tí àwa ọmọdé máa ń jà sí. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó kan. Bàbá mi á jókòó tì í, á máa sọ àpárá fún un, òun á kàn máa mi orí. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún màmá mi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pé, "Ìyá Dúpẹ́, ẹ̀rù ń bà mí o. Ó dà bí ẹni pé ìyá fẹ́ tẹ̀ lé bàbá lọ." Èmi ni Dúpẹ́ yẹn. Kò yé mi dáadáa nígbà náà, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ìyá àgbà láàárọ̀ bóyá ó ṣì wà lórí ẹní.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń lọ sópin, ìyá àgbà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ wò, ó sì bèèrè ọkọ́. Lẹ́yìn náà ló tú etí ìró rẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tó jọ eruku pupa. Mo na ọrùn wò ó, imú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

"Má sín sí i o!" ló wí, ó yára fọwọ́ bò ó. "Tí o bá sín, oko mi ti lọ nìyẹn."

Èso tábà ni. Bàbá àgbà ló gbà á sílẹ̀ lára èyí tó gbìn kẹ́yìn. Ọdọọdún ló máa ń gbìn ín sí ẹ̀yìn ilé wọn, kì í ṣe fún títà, ti ìkòkò tábà rẹ̀ nìkan ni. Ìkòkò kan náà ni òun àti ìyá àgbà jọ ń fà. Tí wọ́n bá ti oko dé, ìyá àgbà á kì í, á fi ẹyin iná sí i, òun á kọ́kọ́ fà á kó lè ràn, á sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ó sọ gbogbo èyí fún mi bó ṣe ń kọ ebè. N kò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá mi kò fẹ́ ẹ rárá. Inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ ló wà, ilé wa ni wọ́n sì ti máa ń ṣe ìpàdé àdúrà. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀."

Ìyá àgbà ní, "Ìyàwó mi, ṣé Ọlọ́run kọ́ ló dá ewé náà ni?"

Bàbá mi tó dúró sáàárín àwọn méjèèjì rántí lójijì pé òun ti gbé irin kan sílẹ̀ láìjó o tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kó tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó rọra sọ fún màmá mi pé, "Ṣé o ò rí i pé ó ti jáde síta?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni màmá mi gbé mì.

Èso tábà kéré débi pé bí èèyàn bá kàn dà á sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò bá a gbìn ín. Ìyá àgbà pò ó mọ́ eérú, ó wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ nínú abọ́ ńlá kan tí ìdí rẹ̀ ti lu, ó sì fi ewé dóńgóyárò ṣíji bò ó. Kì í da omi sí i. Ó máa ń ki ìgbálẹ̀ bọ omi, á wá gbọ̀n ọ́n sórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń súre fún ọmọ tuntun. Nígbà tó hù, ewé rẹ̀ kò ju etí èkúté lọ. Lẹ́yìn tó gbó díẹ̀ ni a kó o lọ sórí ebè. Omi ṣọ̀wọ́n, nítorí náà omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà la fi ń bu rin ín.

Ọyẹ́ dé. Ẹ mọ bí ọyẹ́ Sókótó ṣe máa ń rí: ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, òrí tí màmá mi fi ń pa wá á dì bí òkúta nínú igbá. Gbogbo àdúgbò di àwọ̀ eruku. Ẹ̀yìnkùlé wa nìkan ni ewé tútù wà. Àwọn tábà náà ga jù mí lọ. Mo máa ń wọ àárín wọn lọ jókòó lọ́sàn-án, oòrùn á máa gba inú ewé kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó bá balẹ̀ sí mi lọ́wọ́ á dà bí omi adágún. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, ìyá àgbà á sì máa kùn nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣa kòkòrò kúrò lára ewé. Oorun á gbé mi lọ níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá lálàá pé mo wà ní ọmọdé, ibẹ̀ náà ni mo máa ń wà.

Kì í ṣe pé a kì í jìyà nítorí rẹ̀ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe gádà, eré àwọn ọmọbìnrin Hausa tí ẹnì kan á fi ẹ̀yìn ṣubú, tí àwọn yòókù á hán an. Wọn kò hán mi dáadáa lọ́jọ́ kan, mo sì bọ́ sórí ebè, mo ṣẹ́ ọ̀kan. Màmá mi tí kò fẹ́ràn tábà náà ló fìyà jẹ mí: mo na ìka kan mọ́lẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí ìyá àgbà fi wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní igi kan kò lè sọ ọgbà di aginjù.

Nígbà tí wọ́n yọ òdòdó, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í já orí wọn dànù kí agbára lè lọ sínú ewé. Àwọn òdòdó aláwọ̀ osùn fífẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn fọ́n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ínnà wọlé. Ínnà ni ìyá tó bí onílé wa, arúgbó Hausa kan tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa. Ó rí òdòdó nílẹ̀, ó sì pariwo, "Wáyyò! Fúrén tábà!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n sínú gèlè. Ìyá àgbà rò pé orí rẹ̀ dàrú. Èmi tí mo gbọ́ Hausa ni mo ṣe ògbufọ̀: Ínnà ní òdòdó tábà àti obì ni àwọn obìnrin ìgbà òun fi ń kun eyín, kí ó lè pọ́n dáadáa. Ó ya ẹnu fún ìyá àgbà wò. Eyín rẹ̀ pọ́n bí ògiri Mabera.

Ìyá àgbà wò ó, ó wo òdòdó tó kún ọwọ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró níwájú ilé. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tó ti dé.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Èyí kò gbọ́ èdè èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ní ni tábà, nítorí bí a ṣe ń pè é là ń pè é lédè méjèèjì. Tí èmi kò bá sí nílé láti túmọ̀, wọ́n á kàn jókòó sórí ẹní, Ínnà á ní "Sánnù," ìyá àgbà náà á ní "Sánnù," ilẹ̀ á sì ṣú.

Ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ń já ewé. Ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Oje rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì dúdú bí ọ̀dà. Mo já ewé títí láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu rin wọ́n sì rin apá mi. Nígbà tó yá, oró oje náà wọ ara mi, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, mo bì, mo sì ṣubú lulẹ̀. Màmá mi sáré dé, ó gbé mi, ó fi ọṣẹ fọ̀ mí látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo lajú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá Dúpẹ́, mo ti fara da púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá ká èyí tó wà nílẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, tábà ò gbọdọ̀ hù mọ́ nínú ilé yìí."

Bàbá mi gbà. Ìyá àgbà náà kò jiyàn. Ẹ̀rù ti ba òun pàápàá. Ó gún ewé rẹ̀ sórí okùn, ó so wọ́n rọ̀ sábẹ́ àjà ilé ìdáná bí wọ́n ṣe ń ṣe lábúlé. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa gbẹ, kí wọ́n pọ́n, kí wọ́n wá di àwọ̀ obì. Ó ti gbàgbé ọyẹ́. Atẹ́gùn Sókótó kò mọ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ewé náà fi gbẹ ní àwọ̀ tútù wọn. Bí ó ṣe fọwọ́ kan wọ́n báyìí, wọ́n rún wómúwómú. Ó jó díẹ̀ wò: òórùn koríko ni, ó sì ń ta ní ọ̀fun bí ata.

Ìyá àgbà gbá gbogbo rẹ̀ jọ, ó dà á nù. Ó wọ yàrá, ó dojú kọ ògiri.

Oúnjẹ tún di ohun tí à ń gbé wọlé tí à ń gbé jáde. Nígbà tí bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ohun tó sọ ni pé, "Wá ọkọ̀ fún mi, ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí ò gbà mí." Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọdé. Ta ló máa bá a gbé lábúlé? Ta ló máa pọnmi fún un?

Ínnà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó tì í, ó ní kí n bá òun bi í léèrè kí ló ń dùn ún. Ó ní hábà, tábà ṣáá ni, ó wà lọ́jà, òun á ní kí ọmọ òun rà á wá.

Ìyá àgbà ní, "Sọ fún un pé kì í ṣe tábà ni mò ń wá. Òórùn ọkọ mi ni. Aṣọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ìrùngbọ̀n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbàgbé rẹ̀, Àṣàkẹ́. Tí mo bá dijú báyìí, n kì í rí i mọ́."

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn ní Hausa. Mo gbìyànjú. Ínnà, opó bíi tirẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí mo gbójú sókè, màmá mi wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn, aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ kọ́ ọ léjìká. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màmá mi wọ inú yàrá kékeré tí a ń gbé àwọn dúrọ́ọ̀mù omi sí. Yàrá yẹn tutù. Ìgbà gbogbo ló máa ń bínú pé aṣọ kì í gbẹ níbẹ̀. Ó kó ẹrù tó wà níbẹ̀ jáde, ó rẹ àwọn àpò ìdọ̀họ sínú omi, ó ta wọ́n bo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, ó sì na okùn láti ògiri dé ògiri. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ewé òkè ṣì wà lórí igi. Ó fi ọ̀rá bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já tábà.

Ó kó o wọlé tọ ìyá àgbà lọ, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ dìde. Abẹ́rẹ́ àpò nìyí. Ẹ wá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń gún un."

Ìyá àgbà yíjú kúrò lára ògiri. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí. "Kí ni ẹgbẹ́ yín máa sọ?"

"Àwọn kọ́ ló bí ọkọ mi," ni màmá mi fi dá a lóhùn.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni màmá mi ń tún àwọn àpò náà rẹ, pẹ̀lú omi tó ti máa ń ráhùn lé lórí tẹ́lẹ̀. Àwọn ewé náà pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n di àwọ̀ obì, wọ́n sì rọ̀ bí awọ. Ìyá àgbà kó wọn jọ, ó wọ́n omi oyin sí wọn, ó fi aṣọ àtijọ́ dì wọ́n, ó gbé òkúta lé wọn, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni bo irú. Inú ìdì náà gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ burú bí ti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ó yá, ó di òórùn bí ti èso dàbínù tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ gbóòórùn rẹ̀ ní ìpàdé, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, kí ló ń rùn báyìí?" Màmá mi ṣí Bíbélì rẹ̀, ó ní, "Ti ìyá ọkọ mi ni, mà. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a ti jẹ ìrẹsì tán, ìyá àgbà tú ìdì náà. Ó lọ́ ewé náà bí okùn, ó fi ọ̀bẹ ré e wẹ́wẹ́, ó sì kì í sínú ìkòkò tábà ọkọ rẹ̀. Ínnà ti wá. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, kò rántí irin kankan. Màmá mi dúró lókèèrè, níbi tí èéfín kò lè dé. Ìyá àgbà fi ẹyin iná sí i, ó fà á, ó dijú. Èéfín búlúù rọra gòkè láàárín igi tábà tí a ti já ewé rẹ̀ tán.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dé," ló wí. "Òun nìyí."

Màmá mi bọ́ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń wúkọ́. Ìyá àgbà fi ọwọ́ gbá èéfín kúrò níwájú rẹ̀. "Ìyàwó mi, sún sẹ́yìn, kì í ṣe tìẹ." Ó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kò bèèrè ọkọ̀ mọ́. Ọdọọdún ló gbin tábà rẹ̀, díẹ̀ báyìí, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ewé tútù. Nígbà tí ikọ́ wá mú un, dókítà ní kó jáwọ́. Ó ní òun ti jáwọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé irọ́ ni, èéfín ń yọ lójú fèrèsé. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, kò ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Sókótó níbí ló sùn sí, bó ṣe sọ fún bàbá mi.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ti àtijọ́ ló dára. Tábà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀yà ara. Èmi kò mu ún rí, n kò sì ní jẹ́ kí àwọn ọmọ mi mu ún. Àmọ́ mo máa ń ro bí a ṣe ń gbé nígbà náà àti bí a ṣe ń gbé báyìí. Minanata, àdúgbò mìíràn ní Sókótó níbí, ni mò ń gbé lónìí, mo ń ṣe olùkọ́. Ilé wa ní Mabera ti di ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ Màrúwà ló ń pariwo níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi bo gbogbo àgbàlá tí mò ń gbé. Ewé kan kò sí níbẹ̀. Ohun gbogbo ń ti inú ọ̀rá wá, ó ti ṣe tán, kò sẹ́ni tó ń dúró de nǹkan kan kó pọ́n. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí, ìlú wa nílé là ń kọ́lé sí. A ti di ẹrù wa sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ lọ́la, a sì ti ń lọ lọ́la láti ogún ọdún.

Láìpẹ́ yìí, mò ń se ọbẹ̀ lórí gáàsì nígbà tí ọmọbìnrin mi kékeré wọlé. Ìlú yìí ni mo bí i sí. Hausa dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ibo gan-an nilé wa?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn pé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí n kò gbé ju ìsinmi lọ rí. Mo tún fẹ́ sọ pé ibí ni. Mo ní, "Jẹ́ kí n wo ọbẹ̀ yìí ná, kó má baà jóná." Mo rò ó, mo tún un rò, mo pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wò mí lójú, ó ń retí ìdáhùn.